Ta ló jẹ ta ní gbèsè? Gírámà Gẹ̀ẹ́sì kàn wá ní Àjàṣẹ́

Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sínú ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé "I borrowed Bisi 200,000 naira", ta ló jẹ gbèsè nínú àwọn méjèèjì? Ẹ gbé ìwé náà lọ sí ọjà Ouando, ẹ fi han oníṣòwò mẹ́wàá tó ń ná ọjà Nàìjíríà, ẹ ó rí i pé ẹnu wọn kò ní kò. Ẹni tó kọ ọ́ ní i lọ́kàn pé òun ló kówó fún Bísí, pé Bísí ni yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó gba owó nìkan ló ń "borrow". Ẹni tó fowó sílẹ̀, "lend" ni tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé iwájú ẹni tí kò mọ àwọn méjèèjì rí, tó jẹ́ pé ìwé yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, olówó lè di onígbèsè lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Inú èdè wa ló ti wá. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, "yá", ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. "Mo yá Bísí lówó": Bísí ló jẹ mí. "Mo yá owó lọ́wọ́ Bísí": èmi ni mo jẹ Bísí. "Lọ́wọ́" yẹn ló ń fi ibi tí owó ti wá hàn wá, ọmọdé pàápàá kì í ṣì í gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà pátápátá. Faransé náà ṣe bẹ́ẹ̀: "prêter" ọ̀tọ̀, "emprunter" ọ̀tọ̀. Ẹni tí wọn kò bá ṣàlàyé èyí fún rí, á di ọ̀kan mú, á fi ṣe méjèèjì bó ṣe ń ṣe nílé.

Ọ̀rọ̀ gírámà la fẹ́ bá yín sọ lónìí. A mọ̀ pé bí ẹlòmíì bá ti gbọ́ gírámà, pàsán olùkọ́ ló máa rántí. Ẹ ṣe sùúrù fún wa díẹ̀, torí owó yín ló wà níbẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́ wa yìí, èèyàn lè sọ Yorùbá nílé láàárọ̀, kó sọ Gùn pẹ̀lú aládùúgbò, kó fi Faransé kọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, kó tó di ọ̀sán kó ti wà ní Sẹ̀mẹ̀ tàbí Igolo, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe Ọlọ́run ló fa ìlà yẹn. Ní 10 August 1889 ni ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tó pààlà sáàárín ilẹ̀ Àjàṣẹ́ àti ilẹ̀ Èkó. Láti ìgbà náà ni ọmọ ìyá kan náà ti ń lọ sí ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ará Kétu, Pọ̀bẹ́ àti Ṣakété ń fi Faransé kàwé, tí ìbátan wọn ní Ìmẹ̀kọ àti Ìpókíá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kà á. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti 11 December 1990 sọ ọ́ ní abala àkọ́kọ́ pé Faransé ni èdè ìjọba. A kò bá òfin jà. Ṣùgbọ́n ọjà kò ka òfin yẹn. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ láti August 2019 títí di December 2020, gbogbo wa ló rí i bí ìṣòwò wa ti so mọ́ tiwọn tó.

Ọ̀nà méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ìyá àti bàbá wa ń fi etí gbé e lọ́jà, ohun tí wọ́n bá sì gbé náà ni wọ́n ń lò. Àwọn ọmọ ń kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Faransé ni olùkọ́ sì ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà kejì yìí ló ń jọ wá lójú. Ó dà bí ẹni tó ń ti Àjàṣẹ́ lọ sí Àgbádárìgì, tí wọ́n wá ní kó kọ́kọ́ gba Kútọ̀nú lọ ná.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn yẹn. Faransé ní ọ̀rọ̀ kan, "éventuellement", tó túmọ̀ sí "bóyá, bó bá ṣeé ṣe". Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kan tó jọ ọ́ bí ìbejì, "eventually", ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tirẹ̀ ni "nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín", ìyẹn ni pé bó pẹ́ bó yá, ó máa ṣẹlẹ̀. Ká ní ọmọ kan ń bá ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí oníbàárà ní Èkó. Ìyá ní kó kọ ọ́ pé bóyá àwọn máa kó àádọ́ta àpò tó ṣẹ́kù. Ọmọ ronú ní Faransé, ó kọ "We will eventually take the 50 bags". Ẹni tó wà ní Èkó kà á pé ìyá ti gbà, ó di ẹrù sínú ọkọ̀. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ náà? Bẹ́ẹ̀ náà ni "demander" ti Faransé, tó kàn jẹ́ pé èèyàn béèrè nǹkan, àmọ́ "demand" ti Gẹ̀ẹ́sì le, ó dà bíi pé ẹ ń fi agídí gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. "Location" lójú pátákó ní Àjàṣẹ́, ohun tí wọ́n fi ń háyà ni. Ẹ kọjá ẹnubodè tán, ó di ibi tí nǹkan wà. Nǹkan kan tún wà tí kì í ṣe gírámà, ṣùgbọ́n a kò ní ṣàìsọ ọ́: lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, 1,500 jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹni tó bá fi ojú Faransé kà á, ọ̀kan àti ààbọ̀ ló máa rí.

Ohun tó dùn wá jù ni pé ọmọ náà kò nílò ọ̀nà jíjìn yẹn rárá ní àwọn ibì kan. Egungun gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá jọra. Olùwà ń ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe ń tẹ̀ lé e, àbọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. "Adé ra ìrẹsì", "Ade bought rice". Ẹ wá wo bó ṣe rí bí a bá fi ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ dípò ìrẹsì. Yorùbá ní "Mo rà á". Gẹ̀ẹ́sì ní "I bought it". Faransé ní "Je l'ai acheté", ó gbé àbọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí olùkọ́ bá lè sọ fún ọmọ wa pé, "Níbí, èdè ìyá rẹ ni kí o tẹ̀ lé, fi Faransé sílẹ̀", ìṣẹ́jú kan péré ni ẹ̀kọ́ náà. Ibòmíì wà tí Yorùbá àti Faransé ti jọ ṣe ọ̀kan, tí Gẹ̀ẹ́sì sì yà sọ́tọ̀: a ní "aṣọ pupa", Faransé ní "tissu rouge", Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀-àpèjúwe ṣáájú, ó ní "red cloth". Ọmọ tó bá mọ àwọn èdè mẹ́ta yìí ní ànfààní tí ọmọ Lọ́ńdọ́nù kò ní. Àwa la kì í jẹ́ kó lò ó.

Ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ni ìwé àtijọ́ máa ń kà fún Gẹ̀ẹ́sì, àṣà tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù ìgbàanì wá. Gbogbo wọn ló ní orúkọ ní Yorùbá: ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, ọ̀rọ̀-atọ́kùn, ọ̀rọ̀-àsopọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìyanu. Àwọn onímọ̀ èdè ṣì ń jiyàn lórí iye tó yẹ kó jẹ́ àti ohun tó yẹ kó bọ́ sínú èwo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn wọn. Fún ẹni tó ń tajà, díẹ̀ nínú wọn ló ń jẹ owó, ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì ń jẹ ẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí aṣọ padà. "San" ni lánàá, "san" ni lónìí, "san" ni lọ́la. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ ìgbà: "mo ń san", "mo ti san", "mo máa san". Bí kò bá sì sí nǹkan kan níwájú rẹ̀, "mo san owó náà", gbogbo ayé mọ̀ pé owó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ibí yìí gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń mú wa. "I pay", tí kò ní nǹkan kan lára, kì í ṣe "mo san". "Mo máa ń san" ni, bí ẹni tó ń sọ ìwà rẹ̀. "Mo san" ní Gẹ̀ẹ́sì ni "I paid". Ẹni tó bá kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "I pay the money Monday", kò tíì fi hàn pé òun ti san. Ẹni tó kà á lè sọ pé Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ló ń sọ, kò sì ní jẹ̀bi.

Ẹ tún wo ìwé rìsíìtì. "Balance paid" túmọ̀ sí pé owó tó kù ti pé. "Balance to be paid" túmọ̀ sí pé ó ṣì kù. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì, "to" àti "be", ló ya ẹni tó ti san kúrò lára ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹni tó mọ "paid" nìkan lójú, tó rí i lórí ìwé, tó sì ki ìwé bọ àpò, kò mọ ohun tó gbé lọ sílé.

Gẹ̀ẹ́sì tún ní ọgbọ́n kan tí Yorùbá kò ní. Àwa a máa sọ pé "wọ́n ti san owó náà"; ó kéré tán, "wọ́n" kan wà níbẹ̀, ẹ lè béèrè pé àwọn wo. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé "The money has been paid". Owó ti di olùwà, ẹni tó san án ti pòórá, ẹni tó gbà á náà kò sí níbẹ̀. Gbólóhùn náà pé, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, olùkọ́ á fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ọ́fíìsì fẹ́ràn irú gbólóhùn yìí ju oyin lọ, ìdí rẹ̀ kò ṣòro mọ̀.

Ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ ní wàhálà tirẹ̀. Pé "ó" wa di "he", "she" tàbí "it" kò le púpọ̀. Ẹni tó bá ṣì í, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó tán. "Wọ́n" ló léwu. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé kì í pe bàbá rẹ̀ ní "ó". Á ní "wọ́n ní kí n gbé ẹrù náà wá". Tí wọ́n bá wá bi í léèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, á ní "They said I should bring the goods". Bàbá kan ṣoṣo ti di èèyàn púpọ̀. Aṣọ́bodè tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ yóò máa wá àwọn yòókù. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" àti "wọ́n" àpọ́nlé. "You" kan náà ni fún ọba àti fún ọmọ ọ̀dọ̀. Kí àwọn àgbà má bínú sí ọmọ tó bá bá wọn sọ ọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti ní irú rẹ̀ rí, "thou" fún ẹnì kan àti "you" fún ọ̀pọ̀ tàbí ẹni ọ̀wọ̀, wọ́n kàn fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ nígbà tó yá.

Èyí tó ń bà wá lọ́kàn jẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè. Bí wọ́n bá bi yín ní Yorùbá pé, "Ṣé ẹ ò tíì sanwó ni?", tí ẹ ò sì tíì san, ẹ ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ gbà pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Bí ẹ bá ti san, ẹ ó ní, "Rárá, mo ti san." Gẹ̀ẹ́sì yí i padà. "Haven't you paid?" Bí ẹ bá ní "Yes", ohun tí ẹ sọ ni pé ẹ ti san. Ẹ wá fojú inú wo ìyá kan níbi àyẹ̀wò ẹrù, tí kò tíì sanwó, tí kò sì fẹ́ purọ́. Wọ́n bi í, ó fi òtítọ́ ọkàn dáhùn pé "Yes." Wọ́n ní kó mú rìsíìtì wá. Kò sí rìsíìtì. Láti ìgbà yẹn lọ, òpùrọ́ ló jẹ́ lójú wọn, kò sì mọ ohun tó ṣe. Faransé mọ̀ pé ìṣòro wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní "si" lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní in. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ fi "yes" àti "no" sílẹ̀, kí ẹ sọ gbólóhùn tó pé: "I have paid." "I have not paid."

Àwọn kan á ní kí ni gbogbo èyí fún, Gẹ̀ẹ́sì ọjà ti tó. Ó tó lóòótọ́, fún ọjà. Pijin gbọ́ ara rẹ̀ yé, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí rìsíìtì, ìwé ẹrù tàbí ìwé ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ń fi Pijin kọ. Àjọ ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 28 May 1975, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí ló fi ń ṣiṣẹ́.

Àwọn mìíràn á ní fóònù ń túmọ̀ èdè báyìí. Ó ń túmọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá ń tẹ̀ ẹ́? Ẹ tẹ "ya" lásán, fóònù lè rò pé ẹ ya aṣọ, ẹ ya àwòrán, tàbí ẹ yà lọ́nà. Owó tí ẹ yá ẹni lè má wá sí i lọ́kàn. Ẹ sì ti rí i pé bó tilẹ̀ mọ̀ pé "yá" ni, ó ṣì ní láti mọ ẹni tó jẹ ẹni.

Bákan náà, ìwé ẹ̀rí lásán kò tó. Ní January 2024, ìjọba Nàìjíríà kéde pé òun dá gbígba ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti Benin àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan fi hàn bó ṣe gba dìgírì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè kọ lẹ́tà sí oníbàárà ní Èkó.

Ìbéèrè tó wúwo jù ni ti àwọn tó ń sọ pé Yorùbá ló yẹ ká máa gbé ga, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. A gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ohun tí a ń bèèrè fún gan-an ni pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ni. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní 1822, ló tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tó tún fi gírámà kún un ní 1852. Láti ìgbà náà ni èdè méjèèjì ti wà lójú ìwé kan náà. Ní 1966, Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ gírámà Yorùbá tirẹ̀ jáde, ó sì fi hàn pé Yorùbá ní ètò tirẹ̀ tí kì í ṣe àwòkọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìwé wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, òdìkejì ẹnubodè ni wọ́n sì ń lò wọ́n. Níhìn-ín, álífábẹ́ẹ̀tì tí a fi ń kọ Yorùbá pàápàá yàtọ̀, ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ. Ọmọ wa kò mọ̀ pé olùwà àti àbọ̀ ní orúkọ ní èdè ìyá òun.

A fẹ́ kí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀, àwọn tó bá gbọ́ Yorùbá nínú wọn, máa fi gbólóhùn Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì lójú pátákó, kí wọ́n má fi ti Faransé nìkan síbẹ̀. Kò sí òfin tuntun tí èyí nílò. A fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà ní Ouando àti Adjarra ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, lálẹ́, fún Gẹ̀ẹ́sì ìwé òwò: rìsíìtì, lẹ́tà, ọjọ́, iye, orúkọ. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Abomey-Calavi lè kọ́ wọn, kí ẹgbẹ́ sì san owó ọkọ̀ fún wọn. Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ní yàrá tó ṣófo lálẹ́. Kí ìjọba ìlú bá wọn wá iná àti àga.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ mú ìwé rìsíìtì tó kẹ́yìn tí ẹ gbà láti òdìkejì jáde lálẹ́ òní, kí ẹ ní kí ọmọ tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì jókòó tì yín. Ẹ má ní kó túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ bi í pé ta ni olùwà níbẹ̀, kí ni olùwà náà ṣe, ṣé ó ti ṣe é tàbí ó ṣì máa ṣe é, ọwọ́ ta ni owó sì ti kúrò. Bí ọmọ náà bá wá orúkọ ẹni tó gba owó tì nínú gbólóhùn náà, ẹ mú ìwé náà dání bí ẹ bá ń lọ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí wọ́n tún un kọ níṣojú yín kí ẹ tó san owó mìíràn.